Ààlè Tí Mo So Mọ́ Aláìnídèérí

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìṣọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ sún mọ́ra kí àwọn tó wà lórí ìdúró lè rí àyè. Baálẹ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. N kì í ṣe alásọdùn. Ọdẹ ni mí, Ọdẹyalé ni orúkọ mi. Ìwé tí mo kà kò ju ti ilé-ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyà tí mo jẹ, mo ka ìyẹn délẹ̀, ẹyọ kan kò sì bọ́ sọnù nínú rẹ̀.

Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ òní dá lórí irinṣẹ́ tó wà nínú yàrá kẹta ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn kan ní kí ìlú má ṣe yọ nínú èrè oko ìlú fún un mọ́, kí á fà á lé ẹnìkan lọ́wọ́, kí onítọ̀hún máa bọ́ ọ, kí ó sì máa ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì tó ń wá lò ó sọ fún mi pé kúáńtọ́ọ̀mù ni orúkọ ẹ̀kọ́ tí ó wà fún. Nígbà tiwa, a kò mọ orúkọ yẹn. Ẹ̀kọ́ Ohun Tíntínní ni Tíṣà Mosúnmọ́lá ń pè é.

"Bàbá Ọdẹ, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o! Sìmẹ́ńtì tí mo pò ti ń gan!"

Mo mọ ohùn yẹn. Lámídì bíríkìlà ni. Lámídì, sìmẹ́ńtì rẹ yóò dúró dè ọ́. Èmi dúró de ẹfọ̀n fún ọjọ́ mẹ́ta lórí igi, n kò sín, n kò húkọ́. Nígbà tí ẹfọ̀n náà dé, òun ló kọ́kọ́ kí mi.

Ẹ rẹ́rìn-ín tán? Ó dáa.

Púpọ̀ nínú yín kò mọ Tíṣà Mosúnmọ́lá. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Èédú ló fi ń kọ̀wé sára ògiri nígbà tí ṣọ́ọ̀kì bá tán, ṣọ́ọ̀kì sì máa ń tán ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ jókòó síwájú rẹ̀. Mo ti inú igbó bọ̀, ẹ̀jẹ̀ òkété ṣì wà ní èékánná mi. Àwọn ọmọbìnrin tó wà níwájú di imú wọn mú. Ó wò wọ́n, ó ní, "Ẹ tú imú yín sílẹ̀. Ẹran tí bàbá yìí pa ni ẹ ó fi jẹ iyán lọ́la." Ó wá yíjú sí mi. "Bàbá Ọdẹ, ẹ wí pé A." Mo ní, "A." Bí mo ṣe di akọ̀wé nìyẹn. Títí di òní, bí mo bá rí lẹ́tà yẹn níbikíbi, n kì í lè kọjá lára rẹ̀ láìdúró díẹ̀.

Àwòrán kan wà tí ó fẹ́ràn láti máa yà: igbá méjì, àti ẹ̀rún kan ṣoṣo, ẹ̀rún tí ó kéré ju ohun gbogbo tí ojú lè rí lọ. Ó ní ẹ̀rún náà wà nínú igbá méjèèjì. Ó ní bí a kò bá tíì wò ó, kò tíì yan ọ̀kan. Ìgbà tí a bá wò ó ni yóò yàn. "Ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan kò tíì mọ̀ ọ́n," ni ó máa ń wí. "Ẹ wò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ka ohun tí ẹ rí, nígbà náà ni ẹ ó mọ ìwà rẹ̀." A kì í jiyàn, nítorí a fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá dé ọ̀nà ilé, a ó máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀: "Ìyàwó mi, mo wà nílé, mo sì wà ní ọ̀dọ̀ ẹlẹ́mu, má wá mi wò."

Òun fúnra rẹ̀ kò rí i rí. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi kọ́ni ní ohun tí ojú rẹ̀ kò bà lé, nítorí pé ìlú kò ní irinṣẹ́ tí a fi ń wò ó. Ojú náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó fọwọ́ kan èjìká mi kí ó tó mọ̀ pé èmi ni. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, bí ẹni tó wà nínú ọyẹ́ ni mo ṣe ń rí yín. Kò sí ohun mìíràn tí mo fẹ́ mọ́. Kí n rí i lẹ́ẹ̀kan péré kí ilẹ̀kùn yìí tó tì."

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ìlú. Olóyè Abídákun, ẹni tí ó ní ilé alájà mẹ́ta kan ṣoṣo tó wà ní Òkè-Ìṣọ́ nígbà náà, dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ká sí èjìká.

"Èmi nìkan yóò rà á," ni ó wí. "Wọ́n ní i ní Ìlú Agádágodo. Ilé mi ni yóò wà. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó, kó wá kí mi."

Tíṣà dáhùn láti ìjókòó rẹ̀. "Olóyè, ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà nílé yín, ìdọ̀bálẹ̀ ni ọmọ yóò kọ́kọ́ kọ́ kó tó kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí ìlú ní i."

"Ìlú? Ìlú tí kò rí páànù fi bo ilé-ẹ̀kọ́?"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ wá ọ̀pá rẹ̀ nílẹ̀, kò rí i. Ìgbà tí mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá ọ̀pá náà ni mo dìde. Mo ní bàbá mi sọ fún mi pé alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn Igbó Ṣèyíṣọ̀hún, tí ń rọ irinṣẹ́ tí kò ní ìdérí, tí ẹnikẹ́ni lè rí inú rẹ̀. Mo ní bí ìlú bá rán mi, n ó lọ.

Wọ́n bá rán àpò ńlá kan, a sọ ọ́ ní Àpò Ìlú. Kò sí agbo ilé tí kò fi nǹkan sí i. Àwọn kan mú gààrí wá, àwọn kan mú ẹja gbígbẹ, àwọn alágbẹ̀dẹ mú ọ̀bẹ. Ìyá arúgbó kan tí ń jẹ́ Àbẹ̀ó mú abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo wá, ó ní òun kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run yọ mí, n kò rẹ́rìn-ín.

Mo wọ Igbó Ṣèyíṣọ̀hún. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀gún mẹ́rin wọ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì mi. Ní ọjọ́ kẹta, òjò pa mí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀tù mi rin. Ní ọjọ́ kẹfà, iyọ̀ tán. Ní ọjọ́ keje ni iwin kan dìde síwájú mi, irun àyà rẹ̀ gùn dé orúnkún, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo. Mo yí pa dà kí n sá, òun náà ló tún wà lẹ́yìn. Kì í ṣe méjì o. Iwin kan ni, ó kàn wà níbi méjì.

Ó ní, "Ọdẹ ẹlẹ́ran kíkorò, níbo lò ń lọ?"

Mo ní, "Ọ̀nà mi ni mò ń lọ."

"Ọ̀nà rẹ? Ní inú igbó yìí, ọ̀tún ni ọ̀nà rẹ, òsì náà sì ni. Dá mi lóhùn tàbí kí o di ọbẹ̀. Kí ni ohun tí a kì í mọ bó ṣe wà títí a ó fi wò ó, tó sì jẹ́ pé bí a bá wò ó, kò ní wà bẹ́ẹ̀ mọ́?"

N kì í yin ara mi, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ mẹ́fà tí mo mọ̀ ni iwin yìí ti bi ní ìbéèrè yìí, egungun wọn wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo dá àdá ẹnìkan nínú wọn mọ̀. Mo rántí pátákó Tíṣà. Mo ní, "Ẹyin tí adìẹ ń sàba lé. Bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀, bóyá ó ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí mo bá fọ́ ọ wò, n ó mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ẹyin mọ́."

Iwin náà jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú àti lẹ́yìn. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Tíṣà mi ni."

"Bá mi kí i," ni ó wí, ó sì yà fún mi.

Ibi tí mo kọjá sí ni Ìlú Agádágodo. Ẹ̀yin ará, ní ìlú yẹn, wọ́n ti ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n ti kànga, wọ́n ti ibòji igi. Mo kí oníbodè wọn, Tìígbọin ni orúkọ rẹ̀. Agádágodo rọ̀ mọ́ ètè òun náà. Ó wá kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí ẹnu, ó ní, "Káàbọ̀," ó tún un tì. Mo bèèrè omi. Ó ṣí ẹnu: "Ìwé àṣẹ omi dà?" Ó tì í. Mo ní n kò ní. Ó ṣí i: "Ìwé àṣẹ láti wí pé o kò ní ìwé àṣẹ dà?" Ọjọ́ méjì ni mo fi wà níbẹ̀ láìmu omi. Ìrì orí ewé ni mo ń lá.

Wọ́n mú mi lọ wo irinṣẹ́ wọn. Àpótí irin ni mo rí. Irinṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá, ẹni tó rọ ọ́ sì ti gbé kọ́kọ́rọ́ mì kó tó kú kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ bó ṣe ṣe é.

Mo ní, "Ẹ já àpótí náà kí ẹ tún un ṣe."

"Èèwọ̀!"

"Kí ni ẹ wá ń fi í ṣe?"

Tìígbọin na àyà síwájú. "À ń ṣọ́ ọ."

Mo kúrò níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́rin ni mo tún fi rìn kí n tó dé ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ náà. Ìyá arúgbó ni, Ìyá Ẹ̀rún ni wọ́n ń pè é. Ilé ìrọ rẹ̀ kò ní ògiri. Àwọn iwin, àwọn ẹranko, àwọn ọmọ ènìyàn, gbogbo wọn ń rìn gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n ń tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀, wọ́n ń bi í ní ìbéèrè, ó ń dá wọn lóhùn láìdáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Ta ló rán ọ?" ni ó bi mí.

"Ìlú ni, ìyá." Mo gbé Àpò Ìlú síwájú rẹ̀.

Ó kó ohun inú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbóòórùn wọn. Ó gba gààrí, ó gba ẹja, ó gba ọ̀bẹ. Nígbà tí ó kan abẹ́rẹ́ Àbẹ̀ó, ó gbé e sókè sí oòrùn fún ìgbà díẹ̀, ó sì dá a pa dà fún mi. "Mú èyí dání."

Ó wá gbé Aláìnídèérí fún mi. Kò tóbi ju àgò adìẹ lọ. Okùn bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú igbá kékeré méjì, iná bíńtín kan láàrin wọn, àti ihò kan tí a ń fi ojú sí. Gbogbo inú rẹ̀ hàn gbangba.

"Ohun tí gbogbo ọwọ́ bọ́, gbogbo ojú ni yóò máa wò," ni ó wí. "Ẹni tó bá rí ibi tó kù díẹ̀ káàtó, kó tún un ṣe, kó sì fi bó ṣe ṣe é han ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Kí ìlú máa bọ́ ọ lọ́dọọdún. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, ìyá."

"Etí rẹ gbọ́. Ọwọ́ rẹ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò yé mi. Mo dúpẹ́, mo lọ.

Nígbà tí mo dé oríta tó wà létí odò, odò ti kún. Mo ní láti wọ inú igbó lọ gé ọparun tí n ó dì pọ̀ láti fi sọdá. Mo gbé Aláìnídèérí sábẹ́ igi ayùnrẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ìlú ńlá, ẹ gbọ́: bí ọdẹ bá rí oyin tàbí igi ìdáná nínú igbó, tí kò tíì lè gbé e, ààlè ni yóò so mọ́ ọn, kí ẹlòmíràn lè mọ̀ pé ó ti ní ẹni tó ni ín. Láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń so ààlè. Mo já imọ̀ ọ̀pẹ, mo so ìkarahun ìgbín kan àti ṣúkù àgbàdo kan mọ́ ọn, mo gbé e kọ́ ọrùn Aláìnídèérí. N kò tilẹ̀ ronú kí n tó ṣe é.

Nígbà tí mo pa dà dé, ìdérí ti hù bo gbogbo ara rẹ̀, ó le bí ẹ̀yìn ìjàpá. Iná inú rẹ̀ ti kú.

Mo jókòó sílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. N kò ní parọ́ fún yín lónìí tí mo ti darúgbó. Láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹ̀rún ni mo ti ń ro ẹ̀gún mẹ́rin, mo ń ro iyọ̀, mo ń ro omi ọjọ́ méjì. Mo ti ń wí nínú ara mi pé, ta ló tún jìyà yìí pẹ̀lú mi? Ọwọ́ mi kàn ṣe ohun tí inú mi ti ń sọ ni.

Mo já ààlè náà kúrò. Ìdérí kò ṣí. Mo fi àdá gbá a, àdá ṣẹ́. Bí mo ṣe ń pòṣé, iwin ọjọ́sí yọ láti ẹ̀gbẹ́ méjì, ó ní, "Ọdẹ, kí lo rà bọ̀? Jẹ́ kí n wò ó."

"Má fọwọ́ kàn án! Tèmi ni!"

Ìdérí náà nípọn sí i lójú mi. Iwin náà wò mí, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọdẹ ẹlẹ́ran kíkorò! Ẹnu rẹ ni ààlè kejì!"

Ojú tì mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó." Ó fara balẹ̀ wò ó yípo. Nígbà tí ó dìde, ìdérí ti fúyẹ́ díẹ̀, bí ẹni gé èékánná kan kúrò lára rẹ̀.

Mo gbé e lọ sáàrin oríta. Mo ń kígbe pe ẹni tó ń kọjá: ẹ yà, ẹ wá wò ó, ẹ wí ohun tí ẹ bá rí. Àwọn iwin wò ó. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń lọ ta aró wò ó. Ìnàkí kan wò ó, ó gbá a létí. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Mò ń ro ojú Tíṣà, n kò sì lè gbé e kúrò níbẹ̀ nítorí òkú irinṣẹ́ kò wúlò fún un. Ní ọjọ́ kẹjọ, ìdérí já bọ́, ṣùgbọ́n iná kò tàn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án ni Tìígbọin dé. Ó ní òun sá kúrò lẹ́nu bodè láti wá wo inú irinṣẹ́ kan kí òun tó kú. Ó dẹtí sí i. Ó ṣí ẹnu rẹ̀.

"Gbọ́ bó ṣe ń kùn. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe kùn kó tó kú. Wò ó níbí, okùn kan ti tẹ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣọ́ àpótí, n kò mọ̀ pé nǹkan kékeré báyìí ni. Kí la ó fi nà án? Ìka wa ti tóbi jù."

Mo fa abẹ́rẹ́ Àbẹ̀ó yọ.

Iná tàn. Tìígbọin sọ agádágodo ètè rẹ̀ sódò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó bá mi sọdá odò, ó ń sọ̀rọ̀. Ó sìn mí dé ẹnu ààlà oko wa, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá ni.

Mo dé Òkè-Ìṣọ́ ní ọ̀sán. Tíṣà Mosúnmọ́lá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ yìí, níbi tí Lámídì dúró sí yẹn gan-an.

"Ìrìn yín nìyẹn, Bàbá Ọdẹ," ni ó wí. Ó kọjú sí mi, ṣùgbọ́n kò wò mí.

"Tíṣà. Láti ìgbà wo?"

"Ó di ọjọ́ márùn-ún lónìí."

Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ fún un nípa ààlè náà, n kò fi ọ̀kan pa mọ́. Mo gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń ka ìwé nínú yàrá.

Níkẹyìn ó ní, "Ṣé inú rẹ̀ ṣí?"

"Ó ṣí, Tíṣà."

"Ẹ pe àwọn ọmọ jáde. Ẹ wá igbá méjì àti òkúta wẹ́wẹ́ fún mi."

Ó gbé igbá méjèèjì lé itan. Àwọn ọmọ tò. Ẹni tó bá wò ó, tó ní ọ̀tún ni ẹ̀rún náà wà, yóò ju òkúta sínú igbá ọ̀tún. Ẹni tó bá ní òsì ni, yóò ju tirẹ̀ sí òsì. Lẹ́yìn àwọn ọmọ, àwọn òbí wọn tò, àwọn àgbẹ̀ tò. Olóyè Abídákun náà dé, wọ́n yàgò fún un.

Ó wò ó, ó nàró. "Ọ̀tún ni! Mo ti rí i. Ọ̀rọ̀ parí."

"Ẹ ṣeun, Olóyè," ni Tíṣà wí. "Ẹ fún wọn ní òkúta kan."

"Ẹyọ kan? Èmi?"

"Ìwò kan, òkúta kan, Olóyè. Àbẹ̀ó ló kàn lẹ́yìn yín."

Nígbà tí gbogbo ìlú wò ó tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbé àwọn igbá náà, ó wọ̀n wọ́n wò. Ọ̀tún kò wúwo ju òsì lọ, òsì kò wúwo ju ọ̀tún lọ. Omi jáde lójú rẹ̀ tí kò ríran mọ́. Ó ní, "Dọ́gbadọ́gba. Bí mo ṣe ń yà á nìyẹn. Mo rí i."

Ọdún mẹ́fà ló tún fi kọ́ni lẹ́yìn ìyẹn, pẹ̀lú igbá lórí itan, kí ó tó lọ. Láti ọjọ́ náà ni ìlú ti ń bọ́ Aláìnídèérí láti inú oko ìlú.

Lámídì, mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn irin ni wọ́n fẹ́ kí o fi sìmẹ́ńtì yẹn gbé dúró. N kò bá ọ jà; iṣẹ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n ààlè náà rèé, ìkarahun ìgbín rẹ̀ kò tíì fọ́. Inú àpò mi ni mo ń gbé e sí láti ìgbà náà. Ẹni tó bá fẹ́ ti yàrá kẹta, kó wá gbà á lọ́wọ́ mi kó fi kọ́ ọ. Mo ti lò ó rí, mo sì mọ ohun tí ó ń gbà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà lọ́wọ́ mi, kò sì dá ẹyọ kan pa dà.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyí. Baálẹ̀, ẹ máa bá ìpàdé yín lọ.